Ṣáwà Oníná Tó Yarí: Ìdáhùn fún Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ṣáwà oníná kì í tọ́jú omi gbígbóná pamọ́. Ìgbà tí omi bá ń kọjá nínú rẹ̀ ló ń mú un gbóná, nítorí náà iná tó le àti omi tó ń tì ló ń bèèrè. Bí kò bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì, á dákẹ́ bí àna tí wọn kò tíì gbé ẹrù ìyàwó dé iwájú rẹ̀.

Baálé ilé kan ní GRA Àpápá kọ̀wé pé ṣáwà òun kò tàn mọ́ láti ọjọ́ tí ìyá ìyàwó òun ti dé, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ìyá náà mọ́. Ọwọ́ ìyá mọ́. Mítà ni kó kọ́kọ́ wò, bóyá yúnìtì ti tán, kó tó wo súwíìṣì ńlá tó sábà máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Bí iná pupa kékeré ara rẹ̀ kò bá tàn, iná kò dé ibẹ̀: bírékà ti já, tàbí àlejò kan tó ń ṣọ́ owó iná fún ọmọ rẹ̀ ti pa á. Níhìn-ín, ẹjọ́ ìyá di àtúngbọ́.

Bí iná pupa bá tàn, bọ́tìnnì ELCB ara ṣáwà, tó ń gé iná bí iná bá ń jò, ló kàn. Bí ó bá ti já, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ó bá tún já, iná ń jò nìyẹn. Kí wọ́n pa súwíìṣì, kí wọ́n má sì wọ balùwẹ̀ lọ fi hàn pé àwọn gbóyà.

Ayálégbé kan nítòsí Boundary ní Ajégúnlẹ̀ ní iná wà, bọ́tìnnì kò já, síbẹ̀ omi tútù bí òjò. Aládùúgbò rẹ̀ ti ní ayédèrú ni ṣáwà náà. Kó wo fáànù rẹ̀ ná: bí èèyàn bá lè ka abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń yí, hááfù kọ́rẹ́ǹtì ni. Iná 230 volt ni wọ́n ṣe ṣáwà fún. Bí iná bá bọ́ sí 160, ṣáwà 4,500 watt kò ní lágbára ju nǹkan bí 2,200 lọ, àwọn mìíràn kò sì ní tàn rárá. Kó pe oníṣẹ́ iná kó yí féèsì fún un, kó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́, nítorí bí gbogbo ilé bá ṣí lọ sórí féèsì kan náà, hááfù kọ́rẹ́ǹtì á bá wọn ṣí lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí Èkó ń pè ní I better pass my neighbour kò lè gbà á. Kò tó 1,000 watt; kó má dán an wò, àfi bó bá jẹ́ ti onílé tó kọ̀ láti dá owó àsansílẹ̀ padà.

Omi ló ń jẹ̀bi jù, òun sì ni wọn kì í fura sí. Súwíìṣì kan wà nínú ṣáwà tí omi ń tì. Bí títì náà kò bá le, kóìlì tó ń mú omi gbóná kò ní tàn, kó má baà jóná láìsí omi. Tánkì tó fi mítà méjì ga ju ṣáwà lọ kò fún un ju 0.2 bar lọ, ọ̀pọ̀ ṣáwà sì ń fẹ́ pọ́ǹpù kún un. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ra pọ́ǹpù, kí wọ́n tú orí ṣáwà. Bí omi bá wá ń tú jáde dáadáa, ìpàrà omi bọhóòlù ló dí ihò rẹ̀. Kí wọ́n rẹ orí náà sínú fínígà mọ́jú.

Ọ̀dọ́kùnrin kan fẹ́ gbé ṣáwà sí balùwẹ̀ tí yàrá mẹ́wàá jọ ń lò. Ìṣẹ́jú 15 lórí ṣáwà 4,500 watt ń jẹ yúnìtì 1.1 àti díẹ̀. Ní ₦225 tí wọ́n bù lé yúnìtì Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nǹkan bí ₦250 nìyẹn nígbà náà, kí àwọn yòókù tó mọ ibi tí súwíìṣì wà. Kó ra àgádágodo kó tó ra ṣáwà.

Bí iná àti omi bá pé, síbẹ̀ tí ṣáwà kò tàn, ó ku inú rẹ̀. Kí wọ́n pa bírékà, kí oníṣẹ́ iná sì fi mítà ọwọ́ rẹ̀ wọn kóìlì: ti ṣáwà 4,500 watt máa ń ka nǹkan bí 12 ohm bí kò bá tíì já. Oníṣẹ́ iná tó bá ní kí wọ́n ra tuntun kó tó yọ mítà náà jáde nínú àpò, kí wọ́n fún un ní omi tútù mu, kí wọ́n sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.