Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Ara Mi Ki Ara Mi

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹlòmíràn ní í ki ènìyàn: àyàn ni yóò rí i lókèèrè, tí yóò sì fi ìlù sọ fún gbogbo ọjà irú ọmọ ẹni tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n lórí LinkedIn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pàtẹ ara wọn láti ọdún 2003, tí Microsoft sì fi owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 26 dọ́là rà ní ọdún 2016 (kí ẹ má baà rò pé ọjà kékeré ni mo ti lọ tẹ́), olúwarẹ̀ ní í lu ìlù, òun náà sì ní í jó o.

Akọ̀wé owó ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan nílùú Ìbàdàn, òkìkí mi kò sì kọjá ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wa. Nígbà tí ọdún ń gorí ọdún tí ọ̀gá kò gbé mi ga, mo pinnu láti gbé ara mi ga. Lẹ́tà 220 péré, àlàfo àti àmì pẹ̀lú, ni wọ́n yọ̀ǹda fún ènìyàn láti fi sọ irú ẹni tí ó jẹ́ lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò fi lẹ́tà 220 ki ọmọ Olúyọ̀lé tán? Mo kọ ọ́, ó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Mo ní láti yọ "olóòótọ́" kúrò kí "ògbóǹtarìgì" tó ráyè jókòó. Nígbà tí àyè díẹ̀ tún ṣẹ́ kù, tí àánú sì ṣe mí láti fi í ṣòfò, mo fi kún un pé mo gbọ́ Faransé. Faransé tí mo gbọ́ kò ju ìkíni lọ, àti orúkọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, èyí tí n kì í lè kà kọjá Ọjọ́bọ̀. Síbẹ̀, nítorí pé ètò wà níbẹ̀ tí ojúlùmọ̀ ẹni fi lè jẹ́rìí sí ìmọ̀ ẹni, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tí ń ta aṣọ ní Gbági jẹ́rìí sí Faransé mi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n là fún ẹni tí ń wá iṣẹ́ mìíràn: ó lè fi í han àwọn tí ń gbani síṣẹ́ nìkan, láìsí àmì kankan, tàbí kí ó fi í han gbogbo ayé, kí òrùka aláwọ̀ ewé yí àwòrán rẹ̀ ká. Ẹni tí ó gbọ́n, tí ó sì ń gba owó-oṣù lọ́wọ́, ọ̀nà èkíní ni yóò tọ̀. Ṣùgbọ́n òrùka náà ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ ìjòyè, ó sì wù mí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tíì jìnnà. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọ̀gá mi pè mí, ó fi ìka fẹ àwòrán mi lójú fóònù rẹ̀ títí òrùka náà fi kún un, ó ní, "Ògbóǹtarìgì, ẹ jókòó." Ọkùnrin tí kì í pè mí ju "ìwọ" lọ! Mo ní ọmọ àbúrò mi ló fi fóònù mi ṣeré. Bí mo ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni fóònù mi dún, nọ́ńbà Kútọnu, +229.

"Ẹ gbé e," ni ọ̀gá wí, "ó lè jẹ́ iṣẹ́."

Mo kí obìnrin náà ní "Bonjour", ó sì da Faransé bò mí. "Oui" ni mo ń fi gbè é, títí ó fi béèrè ohun kan tí "oui" kò lè dáhùn. Òógùn bò mí. Mo tún kọ́là mi ṣe, mo ní, "Lundi, mardi, mercredi, jeudi."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ó wí ní Yorùbá tí ó já gaara, "ẹ jẹ́ ká máa sọ èdè wa. Ọmọ Kétu ni mí."

Ọ̀gá mi na ọwọ́, ó gba fóònù, ó kí i dáadáa, ó sì bi í léèrè iye tí wọ́n ń san lóṣù.