Ẹsẹ̀ Yín Ló Ń Purọ́, Bíréèkì Kò Ṣe Nǹkan Kan

Bí ẹsẹ̀ bá lè pẹjọ́, ẹsẹ̀ àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà àti Japan ì bá ti wọ́ iléeṣẹ́ Toyota lọ sílé ẹjọ́ láti oṣù Kejì ọdún 2010, pé wọ́n bà á lórúkọ jẹ́. Oṣù náà ni Hiroyuki Yokoyama, ọ̀gá tó ń bójú tó ìdárajà ọjà níléeṣẹ́ ọ̀hún, jókòó síwájú àwọn oníròyìn, tó ṣàlàyé pé ohun tó ń da àwọn tó ra ọkọ̀ Prius wọn láàmú kò kọjá bí bíréèkì ṣe ń rí lára wọn. Ó ní bí wọ́n bá túbọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ yóò dúró.

Ẹ gbọ́ o, ọkọ̀ yóò dúró. Wọn ò kúkú sọ ibi tí yóò dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Prius tí à ń wí yìí, ìran kẹta tó jáde lọ́dún 2009, òun ni ọkọ̀ tó tà jù lọ ní Japan lọ́dún náà. Ó ń jẹ epo, ó sì ń jẹ iná. Ọ̀nà méjì ló ń gbà dúró. Bí o bá ti rọra fẹsẹ̀ kan bíréèkì, mọ́tò iná tó ń yí táyà á pa dà di jẹnẹrétọ̀, á máa fi eré tí ọkọ̀ ń sá ṣe iná, á sì dá a pa dà sínú bátìrì. Ọ̀nà kejì ni èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀: ọ́ìlì, páàdì, àti irin pẹlẹbẹ tí páàdì ń fún pọ̀. Ìwọ kọ́ lo ń yan èyí tí wàá lò. Kọ̀ǹpútà kan ló jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ àti bíréèkì méjèèjì, òun ló ń pín iṣẹ́ fún wọn.

Lójú títì tó tẹ́jú, o ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń pín nǹkan kan. Àmọ́ kí táyà kó sí kòtò, tàbí kó gun yìnyín kó fẹ́ máa yọ̀, ABS á dìde, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà gan. Kọ̀ǹpútà á wá ní kí bíréèkì iná jọ̀wọ́ iṣẹ́ fún bíréèkì ọ́ìlì. Ìgbà tí ọ̀kan ti ju iṣẹ́ sílẹ̀ tí èkejì ò tíì gbá a mú dáadáa yẹn gan-an ni ọkọ̀ á yọ́ síwájú lábẹ́ rẹ. Kì í pẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò. Ọkọ̀ tó ń sá 30 kìlómítà ní wákàtí kan, eré pẹ̀lẹ́ tí èèyàn fi ń wọ àdúgbò, ó ń rin mítà mẹ́jọ àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ pín in sí méjì, fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, mítà mẹ́rin ni. Prius fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù bọ́ sójú títì ò nílò tó mítà mẹ́rin.

Àwọn onímọ́tò fẹjọ́ sùn. Nígbà tí NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lọ́jọ́ 4 oṣù Kejì ọdún náà, ẹ̀sùn 124 ló wà lórí tábìlì wọn, mẹ́rin nínú wọn sì sọ pé ìjàm̀bá ọkọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹ fojú inú wo olówó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń sún mọ́ iná pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì, táyà ọ̀tún wọ kòtò kékeré kan, ọkọ̀ bá já síwájú bí ẹni pé wọ́n tì í látẹ̀yìn. Ó tẹ bíréèkì kanlẹ̀, ó dúró, àyà rẹ̀ ń já. Ó gbé e lọ bá àwọn tó tà á fún un. Wọ́n gbé e yípo ọgbà wọn tó tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́, tí kò ní kòtò, tí kò ní yìnyín, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é. Òótọ́ sì ni. Nínú ọgbà, kò sóhun tó ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù rèé. Iléeṣẹ́ kan náà tó ní bó ṣe ń rí lára ni, òun náà ló jẹ́wọ́ pé láti oṣù Kìíní ni àwọn ti yí ètò kọ̀ǹpútà bíréèkì náà pa dà nínú àwọn Prius tuntun tó ń jáde. Kí ni wọ́n wá ń tún ṣe? Ṣé lára ẹni tí kò tíì ra ọkọ̀ ló ti ń rí bẹ́ẹ̀ ni? Ẹni tó ń bọ̀ wá sanwó, wọ́n ti bá a tún un ṣe kó tó dé. Ẹni tó ti sanwó tirẹ̀, wọ́n ní kó túbọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ lẹ́yìn tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀ tí bó-ṣe-ń-rí-lára yìí di ohun tí wọ́n ń pe nǹkan bí 437,000 ọkọ̀ pa dà fún káàkiri àgbáyé, Prius àti àwọn ìbátan rẹ̀ bíi Lexus HS 250h. Wọn ò pààrọ̀ páàdì, wọn ò tú bóòtù kan. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n tún kọ́ níwà.

Akio Toyoda, ọmọ-ọmọ ẹni tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, ló wá ń tẹ̀ ba níwájú kámẹ́rà láti tọrọ àforíjì. Àwọn oníròyìn ń wo bó ṣe tẹ ẹ̀yìn tó, wọ́n ní ti àkọ́kọ́ kò wọlẹ̀ tó. Èmi ò bá wọn dá sí i. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí àyà ò bá ì tíì kan ilẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ká sì sọ òótọ́, mo mọ ọ̀pọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ nílùú yìí tí kò ní mi orí lásán, ká má tíì sọ pé wọ́n á tẹ̀yìn.

Ìjọba Amẹ́ríkà náà ò gbẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ mìíràn, ti àwọn ọkọ̀ Toyota tí ìtẹná wọn ń há, ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù Kejì náà, tí Ray LaHood, ẹni tó ń ṣàkóso ètò ìrìnnà nígbà náà, fi la ẹnu sọ pé kí ẹni tó bá ní in má wà á mọ́, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á. Bí èèyàn ṣe ń gbé ọkọ̀ tí kò gbọdọ̀ wà lọ síbì kan, kò sọ. Nígbà tó yá, ó ní òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Japan nìkan ni. Lọ́sẹ̀ kan náà ni Ford ti Amẹ́ríkà kéde pé òun máa tún ètò kọ̀ǹpútà ṣe nínú nǹkan bí 17,600 Fusion Hybrid àti Mercury Milan Hybrid, nítorí bíréèkì tó ń ṣe ohun tó fara jọ ọ́. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààbò, kí oníbàárà lè ní ìtẹ́lọ́rùn ni. Mo gbà. Kí ọkọ̀ dúró nígbà tí mo bá ní kó dúró máa ń tẹ́ èmi náà lọ́rùn púpọ̀.

Níbo ni tiwa wà ńbẹ̀? Ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà ti lò tán, ọ̀dọ̀ wa ló ń gúnlẹ̀ sí, yálà ó gba Kùtọnu tàbí èbúté Tin Can l'Ékòó. Lẹ́tà ìpè-padà ń lọ sí àdírẹ́sì ẹni tórúkọ rẹ̀ wà lára ìwé ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Bí lẹ́tà bá dé ilé rẹ̀ tí ọkọ̀ ti wà ní Ìwó Road, ta ni yóò kà á fún ẹni tó ń wà á nísinsìnyí? Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà ní igun gíláàsì iwájú, ló lè sọ bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni kéèyàn fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà yẹn kan náà ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń kà dáadáa nígbà tí owó bá wà ńbẹ̀.

Àwa kì í kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí àjọ. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì là ń gbà lọ. Á yọ páàdì, á fi sáńpépà ha á, á bu ọ́ìlì bíréèkì sí i, á wá ní, “Alàgbà, ọkọ̀ oníná ni, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀.” Àlàyé Yokoyama gẹ́lẹ́, a ò sì wọ bàálù lọ Japan ká tó gbọ́ ọ.

Ẹ sì lọ wo ìpolówó àwọn tó ń ta tòkunbọ̀. Ẹ́ńjìnnì rèé, gíà rèé, ẹ̀rọ amúlétutù ń tutù bíi yìnyín, ẹ rà á kẹ́ ẹ máa wà á lọ. Mo ti ń wá ẹni tó máa kọ “ẹ rà á, yóò sì dúró” sára tirẹ̀. N kò tíì rí i.