Ilé Tó Ń Lé Onílé Padà Sóko

Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹni tó kọ ebè láti àárọ̀, tó ru ìdì igi bọ̀ nírọ̀lẹ́, ni wọ́n ní lọ́kàn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò béèrè ju ibi tí yóò fìdí lé, omi tútù àti ẹ̀kọ gbígbóná lọ. Ojú wọn kò tó ọjọ́ tí ilé fúnra rẹ̀ yóò di pàṣán, tí yóò máa na onílé padà sóko. Ojú tiwa ti tó o.

Oko tí mò ń wí yìí kì í ṣe oko iṣu. Treichville ni, Adjamé ni, ní ìlú Abidjan ní Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń pàtẹ láti ìgbà àwọn bàbá wọn, tí àwọn ará Abidjan sì ń pè wọ́n ní Anango. Ọmọ Èjìgbò pọ̀ nínú wọn débi pé, bí ẹ bá dé Èjìgbò fúnra rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ ó gbọ́ Faransé létí ọjà, ẹ ó sì bá ọkọ̀ tó ń kérò lọ sí Abidjan tààrà, àfi bí ẹni pé Òṣogbo ni wọ́n ń lọ. Ẹ ó tún bá ilé: ilé aláràbarà tí fèrèsé rẹ̀ tì pa látọdún dé ọdún, tí alángbá ń sáré lórí géètì rẹ̀. Ẹ béèrè onílé, wọ́n á ní, “Ó wà ní Abidjan.”

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn onílé náà. Alájì ni ká máa pè é. Ẹ má wá orúkọ rẹ̀ lọ, ẹni tó bá bínú ló ń jẹ́ ẹ. Nínú agboolé tí wọ́n ń pè ní cour commune ní Treichville ló ń gbé. Yàrá yí àgbàlá ká, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà láàárín, gbogbo ayálégbé ló sì ń tò sẹ́nu balùwẹ̀ láàárọ̀. Yàrá tirẹ̀ ni irú èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní entrer-coucher: ẹsẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà, èkejì lórí ibùsùn. Ọjà wà lábẹ́ ibùsùn, fìríìjì wà níbi orí, àyè tó kù sílẹ̀ kò ju ẹní ìkírun lọ. Orí ibùsùn yẹn náà ló tẹ́ pílánù ilé rẹ̀ sí lọ́jọ́ Àìkú kan, tí àwa tí a lọ kí i fi dìde dúró, torí kò síbi ìjókòó mọ́.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, oníyàrá mẹ́jọ. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní balùwẹ̀ tirẹ̀. Pálọ̀ jẹ́ méjì: ti àlejò, àti ti àlejò tó ju àlejò lọ. Ibì kan wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí wọ́n máa to ìgò ọtí sí, bẹ́ẹ̀ Alájì kò fi ọtí kan ẹnu rí. A ní kí ni ti ọtí, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp. Kìnnìún oníṣìmẹ́ńtì méjì yóò jókòó sẹ́nu géètì. Òpó iwájú ilé jẹ́ mẹ́rin tẹ́lẹ̀. Ó ti di mẹ́fà, torí ìròyìn dé láti ilé pé ẹni tó ń kọ́lé lódìkejì títì ti gbé márùn-ún nàró.

Ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹja lágbàálá, ó ń gbọ́ wa. Ọ̀kan nínú wa bi í pé, “Ìyá Ìbejì, irú ilé wo lẹ̀yin fẹ́?” Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ̀rọ omi nínú ilé ìdáná, kí n má ru bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. Ilé ìgbẹ́ nísàlẹ̀, tí n ò ní bá ẹnikẹ́ni tò fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú síta, kí n lè máa pàtẹ díẹ̀, kí n máa rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Yàrá mẹ́ta ti tó wa.”

Alájì ní, “Ìyá Ìbejì, ilé tí kò ga, báwo ni wọ́n ṣe máa rí i láti títì?”

“Àwọn ta ni, Bàbá Ìbejì?”

Alájì kò dáhùn, ó ń fi ìka wọn òpó. Ìdáhùn wà nínú pílánù náà ṣá. Nínú gbogbo ohun tó kà sílẹ̀, kò síbi tó ti dárúkọ ara rẹ̀: kò sọ ti orúnkún tó ń dùn ún, kò sọ ibi tó máa ń fẹ́ jókòó bí oorun bá dá a lójú, kò sọ ẹni tí yóò máa gbá yàrá mẹ́jọ. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ti lọ wọn ilé tí òun fúnra rẹ̀ máa sùn. Ta ló ń rán télọ̀ lọ wọn ìdí ẹlòmíì kó tó dá ṣòkòtò tirẹ̀?

N kò ní dá Alájì nìkan lẹ́bi, ilẹ̀ tó ń gbé ti ṣe irú rẹ̀ kó tó ṣe é. Ní 1983, Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny sọ Yamoussoukro, ìlú tí wọ́n bí i sí, di olú ìlú Côte d'Ivoire. Títì gbòòrò débẹ̀, iná títì débẹ̀, ààfin débẹ̀, adágún odò tí ọ̀nì kún inú rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ààrẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Abidjan, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba ṣì wà ní Abidjan, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn kò sì kúrò níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé orílẹ̀-èdè náà gan-an ọmọ Èjìgbò ni: ó kọ́lé sílé, ó ń gbé ìdálẹ̀.

Ti bàsílíkà Yamoussoukro wá ga jù. Wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1985. Ó ga tó mítà 158, ìjókòó 7,000 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún póòpù. John Paul Kejì wá ní oṣù kẹsàn-án 1990, ó ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́, ó lọ. Póòpù mìíràn kò tíì tẹ̀lé e. Ẹ lè ní kò yẹ kí n máa fi ilé Ọlọ́run wé pálọ̀ Alájì. Mo gbà, ṣùgbọ́n yàrá àlejò ni yàrá àlejò: ìgbálẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ jù. Ní Plateau ní Abidjan náà, ilé La Pyramide tí Rinaldo Olivieri yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n parí ní 1973, tó ìran wò. Àyè tó ṣeé lò nínú rẹ̀ kéré sí bó ṣe tóbi lójú, owó ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣeé kó, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ má tìtorí èyí rò pé òmùgọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́ sílé. Ohun tójú wọn rí ló kọ́ wọn. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní Ghana ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti di onílé onílẹ̀ níbẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n kó ọmọ àti ẹrù díẹ̀ wọkọ̀. Ẹni tí kò ní yàrá kan sílé di ẹni tó ń bẹ ẹ̀gbọ́n fún ibi tí yóò sùn. Ní Abidjan gan-an, wọ́n ti dìde sí àwọn ará Dahomey àti Togo ní 1958. Káàdì ìgbélùú dé bá àjèjì ní 1990; òfin 1998 ní ọmọ ilẹ̀ náà nìkan ló lè ni ilẹ̀ ìgbèríko; ogun bẹ́ ní 2002, òmíràn tún tẹ̀lé ìdìbò 2010. Ta ló máa rí gbogbo èyí tí kò ní í fi bulọ́ọ̀kù díẹ̀ lélẹ̀ sílé? Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n yàrá méjì àti páànù ni ọgbọ́n yẹn béèrè. Kò bẹ kìnnìún.

Láti ìgbà tí kìnnìún ti wọ̀ ọ́ ni ìsinmi ti sá. Ọjà ń rù, ilé ń sanra. Ní oṣù kìíní 1994 tí wọ́n gé owó CFA sí ìdajì lójú owó Faransé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹni tó ti kó owó òrùlé jọ jí bá owó fèrèsé lọ́wọ́, ó tún di ẹ̀yìn kàǹtà. Alájì ní òun máa simi bí ilé bá tán. Ilé tán, ó ku géètì. Géètì dé, ó ku jẹnẹrétọ̀. Iléyá nìkan ló ń gbé e wálé. Ìsàlẹ̀ ló ń sùn, torí orúnkún kò gba àtẹ̀gùn, kó sì tó mọ bọ́tìnnì tó ń tan iná yàrá wo, fóònù ti ń dún láti Adjamé, owó dísù ti tán. Ó padà. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣọ́ ilé, tí kò mọ ọ̀nà oko kankan, gòkè lọ sí yàrá ńlá, ó ṣílẹ̀kùn bákónì, ó nà gbalaja. Òwe kò kúkú parọ́, ẹnìkan ń sinmi níbẹ̀.

Àwọn ìbejì ńkọ́? Abidjan ni wọ́n bí wọn sí, Nouchi, èdè ìgboro ibẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣeré, Èjìgbò ni ibi tí wọ́n ń bá bàbá wọn lọ nígbà Iléyá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Alájì ń kọ́ de ìran tó ń bọ̀, wọ́n ní ó dára, kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́ fún un. Ilẹ̀ ni àwọn fúnra wọn ń wò lórí fóònù lápá Bingerville, pẹ̀lú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo rán wọn létí òru 18 mọ́jú 19 oṣù kẹfà 2018, tí òjò sọ Riviera Palmeraie, àdúgbò àwọn tọ́wọ́ wọn tẹ́nu ní Cocody, di odò, tí ó kéré tán èèyàn 18 sì bá òjò náà lọ. Mo bi wọ́n pé ibo ni àgbàrá ń gbà kọjá lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń wò yìí. Wọ́n ní àwọn ò tíì béèrè, ṣùgbọ́n àwọn ti yan àwọ̀ táìlì.