Ọmọ Onílẹ̀ Oníwo

Ẹni tó bá ti kọ́lé ní Ìkòròdú tàbí Mọ́wé kò ní béèrè ẹni tí ọmọ onílẹ̀ ń jẹ́. Ó gba owó ìpìlẹ̀, ó gba owó dẹ́kìn, ó gba owó òrùlé, kò sì sí ìwé tí onílé lè yọ jáde tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ará wa tó fìdí kalẹ̀ sí Maryland ní Amẹ́ríkà, tó ra ilé, tó gbin igi ápù méjì sí ẹ̀yìnkùlé, rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó kàn pààrọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni. Àgbọ̀nrín á yọ ní àfẹ̀mọ́jú, abo àti àwọn ọmọ rẹ̀, wọn á gba owó ewé nígbà ìrúwé, wọn á gba owó èso nígbà ooru. Tí ewé bá wá ń wọ́ dànù, akọ á yọjú fúnra rẹ̀ láti gba owó èèpo. (Àgbọ̀nrín la ń pè é nítorí pé kò sí orúkọ mìíràn tó yá wa lẹ́nu. Tilé kì í bọ́ ìwo rẹ̀ sílẹ̀. Akọ tibí ń ju tirẹ̀ nù lọ́dọọdún, á sì tún hu òmíràn.) Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: gbogbo oògùn tí wọ́n fi ń lé e, ààlè lásán ni. Ọgbà ló ń gba igi sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí òyìnbó ń so mọ́ igi. Wọ́n ń so ọṣẹ ìwẹ̀ mọ́ ẹ̀ka. Wọ́n ń kó irun nílé onígbàjámọ̀, wọ́n á dì í sínú ìbọ̀sẹ̀, wọ́n á fi kọ́. Wọ́n ń fọ́n omi ẹyin tó ti bàjẹ́ sára ewé. Bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá wà lórí igi ọsàn ní Ìsẹ́yìn, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan ọsàn náà, olówó igi pàápàá á kọ́kọ́ ronú. Ààlè tiwa, ìkarahun ìgbín, àkísà àti ṣùkù àgbàdo, ń ṣiṣẹ́ nítorí pé olè mọ ohun tó ń wí. N kò sọ pé òórùn kò ṣe nǹkan kan o. Ọṣẹ tí wọ́n fi ọ̀rá ẹran ṣe ń lé àgbọ̀nrín díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá mítà 1 síbi tí wọ́n so ó mọ́. Ẹyin sàn jù ú lọ, àmọ́ òjò ń fọ̀ ọ́ dànù, ewé tó bá sì yọ lẹ́yìn tí a fọ́n ọn kò ní in lára. Tí yìnyín bá wá bo ilẹ̀, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ewé tó jẹ ṣì lè yọ padà. Ìwo ni ikú. Láti bí i oṣù kẹsàn-án ni akọ ti ń fi ìwo ha igi kéékèèké, láti bó awọ tó bo ìwo náà, àti láti fi òórùn ara rẹ̀ dá àwọn akọ yòókù lẹ́kun. Abẹ́ èèpo sì ni oúnjẹ tí ewé ń sè ń gbà lọ sí gbòǹgbò; tí èèpo bá ti bó yí igi po, ó parí. Àgbẹ̀ wa mọ èyí dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa igi ńlá lóko láìfi àáké bì í lulẹ̀. Ẹni tó ń wá èèpo àgbo, tó bá ní làákàyè, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń bó. Nílé, ewúrẹ́ ni ọ̀tá igi tuntun, kò sì sẹ́ni tó ń so ọṣẹ mọ́ máńgòrò nítorí ewúrẹ́: igi àti imọ̀ ọ̀pẹ la fi ń ṣọgbà yí i ká títí yóò fi ga ju ẹnu rẹ̀ lọ. Nínú igbó Pennsylvania náà, ibi tí wọ́n bá fi wáyà yí ká ni igi wẹ́wẹ́ ti ń hù dáadáa. Lóde rẹ̀, ohun tí àgbọ̀nrín kò fẹ́ ló pọ̀ jù.

“Ẹ ò ṣe pa á jẹ?” Ìbéèrè àwọn ará ilé nìyẹn, ó yà wọ́n lẹ́nu pé ẹran ọbẹ̀ ń kọjá lójú fèrèsé, a sì ń wò ó. Òfin kò gbà kí a máa yìnbọn láàárín ilé, ọdẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Wọ́n ń pa á náà: láti ọdún 2013 ni ìjọba ti ń rán àwọn ayìnbọn wọ Rock Creek Park ní Washington, wọ́n sì ń fi ẹran náà tọrẹ fún àwọn tí kò rí jẹ. Ó dára fún igbó, ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín kan tó bá ṣẹ́ kù ti tó láti pa igi ápù méjì. Kí ẹni tó ń fi ọdẹ ilé yangàn sì rọra: a ti pa tiwa débi pé àgbọ̀nrín èṣí ni ọ̀pọ̀ wa ń jẹ lọ́bẹ̀. Amẹ́ríkà náà ti débẹ̀ rí. Ní nǹkan bí ọdún 1900, èyí tó kù ní gbogbo ilẹ̀ wọn kò tó 500,000. Wọ́n wá ṣòfin dáàbò bò ó, ìkookò tó ń pa á jẹ ti run ní ìlà-oòrùn, ó sì di bí i mílíọ̀nù 30.

Àwọn aláàánú ní ìfètòsọ́mọbíbí ló kù. Ìlú New York bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Staten Island ní 2016, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún akọ, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ló bá a lọ. Ẹ má rò pé wọ́n tẹ̀ wọ́n lọ́dàá bí òbúkọ o. Okùn àtọ̀ nìkan ni wọ́n gé. Akọ ṣì ń hu ìwo, ó ṣì ń ha igi. Fíìmù Bambi, ìtàn ọmọ àgbọ̀nrín tí Disney gbé jáde ní 1942, ló mú ọkàn wọn rọ̀ tó báyìí. Àwa tí a ń pàlọ́ ìjàpá, tí a sì ń jẹ ìjàpá, kò lè yé wa. Nínú gbogbo àwáwí tí wọ́n ń ṣe sí ọgbà, ti owó ló wúwo jù. Ọgbà tó máa yí gbogbo ẹ̀yìnkùlé ká gbọ́dọ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8 kí àgbọ̀nrín má baà fò ó, owó gọbọi sì ni. Ṣùgbọ́n igi méjì kò béèrè gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Àwọ̀n irin tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5, tó yí igi kọ̀ọ̀kan ká, tó jìnnà sí ẹ̀ka débi tí ọrùn kò ní nà kàn án, ti tó, torí àgbọ̀nrín kì í fẹ́ fò sínú ibi tó há. Kò dára lójú, mo gbà. Ó jọ ẹ̀wọ̀n. Kí wáyà ti wà nídìí igi kí oṣù kẹjọ tó parí.