Bàálù Ogun Ń Dúró De Sítáǹpù

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan ti sọ ètò rédíò òwúrọ̀ di pápá ìjà níhìn-ín. Ohun tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ Ajé ni irú bàálù ogun tó yẹ kí ìjọba fi rọ́pò Alpha Jet. Èkíní ní JF-17 ti Pakistan ló dáa, ó ṣe tán, a ti ní mẹ́ta nílẹ̀ ní Makurdi. Èkejì ní kí ẹnikẹ́ni má da òun láàmú, ká dúró de M-346 ti Ítálì, tí ìjọba ní òun ń ra 24. Ẹ̀kẹta, tí ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tí bàálù ò gbé kọjá Èkó sí Àbújá rí, ní F-16 ti Amẹ́ríkà lòun fọwọ́ sí. Ó fọwọ́ sí i! Ta ló gbé ìwé wá bá a? Mo pa rédíò. Ìbínú ò kú.

Lóòótọ́, Alpha Jet ti darúgbó. Ayé Ṣàgàrí ni àwọn àkọ́kọ́ ti dé láti Jámánì. Bàálù tó yẹ ká máa fi kọ́ awakọ̀ níṣẹ́ la kó lọ sógun Làìbéríà, la tún kó lọ bá Boko Haram, la tún ní kó lọ lé àwọn agbébọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù Keje, ọdún 2021, àwọn agbébọn náà yìnbọn lu ọ̀kan, ó já lulẹ̀ ní ààlà Zamfara àti Kàdúná. Ọlọ́run ló yọ awakọ̀ rẹ̀, Abayomi Dairo, tó fi párásúùtì bọ́ sílẹ̀, tó sì ń yọ́ rìn lóru títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà. Àwọn ológun òfurufú fúnra wọn ló sọ fún wa pé fóònù ló fi mọ ọ̀nà. Ẹ ò rí nǹkan? Yàtọ̀ sí párásúùtì, fóònù ni irinṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ dópin lọ́jọ́ náà. Mo sì lérò pé òun ló fowó ara rẹ̀ ra dátà sí i.

Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, Super Tucano mẹ́fà balẹ̀ sí Kánò láti Amẹ́ríkà. Méjìlá la rà, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 500 mílíọ̀nù dọ́là. Lọ́dún 2018, owó yìí ti kúrò lápò ìjọba kí àwọn aṣòfin tó mọ̀. Àwọn kan nínú wọn pariwo pé àwọn á yọ Ààrẹ Bùhárí nípò, wọ́n pariwo tán, wọ́n lọ jẹun. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Bàálù dé, inú wa dùn. Àwọn aláìmoore kan rí fáànù tó wà nímú rẹ̀, wọ́n ní ṣé bàálù ogun rèé àbí fáànù òkè àjà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ní ká dákẹ́, fáànù yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó lè rọra fò, kó máa wo ilẹ̀ dáadáa. A dákẹ́.

Àfi bí a ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ kejì. Wọ́n ní àdéhùn tí a ṣe nígbà tí a ń rà á ni pé agbésùnmọ̀mí ni ká máa fi í bá jà. Àwọn tó wà nínú igbó Zamfara, tí wọ́n ń sun abúlé, tí wọ́n ń kó ọmọ iléèwé lọ, agbébọn lásán ni wọ́n nínú ìwé. Torí náà, kí Tucano ṣe sùúrù ná. Ó di ìparí oṣù Kọkànlá kí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá tó kéde pé agbésùnmọ̀mí ni wọ́n. Ó tún di oṣù Kìíní, ọdún 2022, kí a tó gbọ́ pé ìkéde náà ti jáde nínú gàsẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká jókòó ti èyí díẹ̀, torí kò sí ẹ̀fẹ̀ tí mo lè dá tó máa tó o. Bàálù wà. Bọ́ǹbù wà. Awakọ̀ ti kọ́ṣẹ́ dé láti Georgia ní Amẹ́ríkà. Olè wà nínú igbó, kò sá pamọ́, ó ń gba owó orí lọ́wọ́ àgbẹ̀. Gbogbo nǹkan pé, ó ku sítáǹpù. Mo ń fojú inú wo awakọ̀ náà lókè igbó, tó ń kígbe sílẹ̀: “Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà lórí ọ̀kadà, tẹ́ ẹ gbé ìbọn kọ́rùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dákun, ṣé agbésùnmọ̀mí ni yín ni, àbí agbébọn?”

“Agbébọn ni wá, ọ̀gá.”

“Háà, ẹ má bínú. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ẹ bá mi kí ilé.” Ó yí bàálù padà, ó di ibùdó rẹ̀ ní Kainji.

Kí wọ́n kúkú ṣe fọ́ọ̀mù fún wọn. Orúkọ bàbá. Ìjọba ìbílẹ̀. Nọ́ńbà NIN. Fọ́tò pélébé méjì. Iye màlúù tí o ti jí. Iye èèyàn tí o ti gbé, àti bóyá owó lo fi tú wọn sílẹ̀ àbí ọ̀kadà tuntun. Ẹni tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ bá pé pérépéré á gba ìwé ẹ̀rí agbésùnmọ̀mí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 14, lẹ́yìn ìyẹn la tó lè ju bọ́ǹbù sí i. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọdẹ àdúgbò wa ò kàwé, owó oṣù rẹ̀ ò sì tó ra àpò ìrẹsì, ṣùgbọ́n kò tíì bi olè léèrè rí pé abala wo nínú òfin ló fi fo ògiri.

Ẹ̀fẹ̀ tó. Gàsẹ́ẹ̀tì jáde ní oṣù Kìíní. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún kan náà, àwọn agbébọn fi bọ́ǹbù dá ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná dúró, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó àwọn tó kù wọ igbó, ọ̀pọ̀ ò sì rí ilé fún oṣù mélòó kan. Sítáǹpù ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn o.

Ẹ sì rántí Rann ní Borno, ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 2017. Bàálù ogun tiwa ló ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún wọn. Ó kéré tán, 90 èèyàn ló kú. Ẹ rántí Tudun Biri ní Kàdúná, ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 2023. Mọ́líúdì làwọn ará abúlé ń ṣe tí dúróònù àwọn ṣọ́jà fi dé bá wọn. Ó kéré tán, 85. Adájọ́ wo ló kọ́kọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyẹn? Gàsẹ́ẹ̀tì wo ló dárúkọ wọn? Olè lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé, ìyá ọlọ́mọ tó tò fún oúnjẹ ò ní in. Ìjọba tó lè ṣe méjèèjì yìí láìtijú, bó ra F-16, bó ra igún, kí ló máa yí padà?

Rírà nìkan la sì mọ̀. Lọ́dún 1984, a kó Jaguar 18 dé láti Bìrìtìkó, ó di 1991, a ti gbé wọn sílẹ̀, nítorí kò sówó àtúnṣe. Lọ́dún 2005, a bá àwọn ará Ṣáínà dúnàádúrà bàálù 15 ní 251 mílíọ̀nù dọ́là. Méjì nínú wọn já lulẹ̀ ní Àbújá lọ́dún 2018, awakọ̀ kan sì bá a lọ. Ogun kọ́ ni wọ́n ń jà. Ìmúrasílẹ̀ àyájọ́ òmìnira ni. Iná sólà òpópónà wa náà nìyẹn, tí mo ti ń pariwo rẹ̀ lójú ewé yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́: ìlù àti fìlà ni wọ́n fi ṣí i, bátìrì kú, òpó ló kù, àwọn olóṣèlú sì ń lẹ pósítà mọ́ ọn.

Àti pé, ta ló jiyàn lórí rédíò kí Airbus A330 ti Ààrẹ tó dé lóṣù Kẹjọ, ọdún 2024? Wọ́n ní Boeing ọdún 2005 tó wà ńbẹ̀ ti gbó. Wọ́n ra òmíràn, ó parí. Alpha Jet tó fi ogún ọdún jù ú lọ ni ká wá máa pe ògbógi sí.

Ẹ tún wo ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 2025. Àwọn ṣọ́jà kan gba ilé tẹlifíṣọ̀n ní Kútọnu. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kọ lẹ́tà, bàálù ogun wa sì ti wọ òfurufú wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ bíi méjì lẹ́yìn náà ni Ilé Aṣòfin Àgbà tó fọwọ́ sí kíkó ọmọ ogun lọ. Mi ò ní kí wọ́n má lọ. Ìbátan wa kún Kétu, wọ́n kún Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti hàn gbangba pé ìwé lè yá. Ìmọ̀ràn mi fún àwọn ará Zamfara ni pé bí wọ́n bá tún ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí Àbújá, kí wọ́n fi Kútọnu ṣe àdírẹ́sì.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbọ́ bàálù tó wù mí, Nigeria Air ni. Ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Bùhárí gbé ìjọba sílẹ̀, mínísítà Hadi Sirika sì fi bàálù tuntun hàn wá ní Àbújá, ọ̀dà Nàìjíríà ń dán lára rẹ̀. Bàálù àwọn ará Ethiopia ni. Ó yọjú, a pàtẹ́wọ́, ó gba ilé lọ. Kò já lulẹ̀, kò ju bọ́ǹbù lu ará abúlé kankan, kò sì béèrè gàsẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá tún fẹ́ yá a wá, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ kó tó padà.