Bàbá Hítìn, Aláṣẹ Ooru

Bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé ní Lọ́ńdọ̀nù, ohùn kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Peckham, Thamesmead tàbí Dagenham tí kò dá a mọ̀. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti máa ń wá. "Ta ló fọwọ́ kan hítìn yìí?" Ẹnikẹ́ni kì í dáhùn, nítorí ẹni tó bá dáhùn ni yóò san bíìlì oṣù náà.

Bàbá Hítìn ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tàbí ní ọ́físì káńsù, ó jẹ́ díákónì tàbí akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Nínú ilé, á wọ bùbá, á wọ súwẹ́tà lé e, á wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn, á sì fa fìlà onírun bo etí. Bí àlejò bá ní òtútù ń mú òun, á wò ó láti orí délẹ̀, á ní, "Kí lẹ wọ̀ wá?" Láti ọjọ́ tó ti dé ìlú òyìnbó, kò tíì gbà pé ọ̀rọ̀ òtútù kan ẹ̀rọ. Ẹjọ́ aṣọ ni lójú tirẹ̀.

Kí á má parọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin yìí kì í ṣe ahun. Òun ló ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, òun ló sì ná ìnáwó ìsìnkú ìyá rẹ̀ débi pé gbogbo Ìjẹ̀bú gbọ́. Mítà ló sọ ọ́ dà báyìí. Yàrá kan ṣoṣo tó kọ́kọ́ háyà, mítà tí wọ́n ń sanwó sí kí wọ́n tó lò ó ló wà níbẹ̀: kọ́kọ́rọ́ oníke kan fún iná, káàdì kan fún gáàsì, èèyàn á sì kó méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù orí kọ̀rọ̀ lọ ra owó sí i. Bí owó bá tán lóru Sátidé tí wọ́n sì ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó di ọjọ́ kejì nìyẹn. Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò ẹ̀wà tí kò tètè jinná, tó ń wo owó bó ṣe ń já wálẹ̀ lójú mítà, kò ní fojú ire wo rédíétọ̀ títí ayé rẹ̀. Ó ti ra ilé tirẹ̀ báyìí, báǹkì ló sì ń yọ owó gáàsì lóṣooṣù, ṣùgbọ́n mítà yẹn ṣì ń ka owó lọ́kàn rẹ̀.

Ọdún 2022 wá sọ ọ́ di wòlíì. Iye tí Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ gáàsì àti iná ní Britain, dá lé owó gáàsì àti iná fún ilé tí ìlò rẹ̀ mọ níwọ̀n jẹ́ 1,277 pọ́n-ùn lọ́dún nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún 2021 bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ó di 1,971. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, 3,549 ni ì bá jẹ́ bí ìjọba kò bá ti fowó tirẹ̀ dí i, kí ó lè dúró sí 2,500. Bàbá Hítìn mọ gbogbo nọ́ńbà yìí lórí. Á máa kà wọ́n létí tábìlì oúnjẹ kí wọ́n tó gbàdúrà. Èyí tí kò mọ̀ ni pé orí ẹyọ ìwọ̀n gáàsì àti iná kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti dá owó dúró, kì í ṣe lórí gbogbo bíìlì ilé. Ó lérò pé ìjọba ti pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ ju 2,500 lọ, ó sì ń sọ ọ́ káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì títí bíìlì tirẹ̀ fi dé. Láti ọjọ́ náà ló ti gba ọ̀rọ̀ hítìn lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

Àwọn ọmọ rò pé àwọn máa tù ú nínú. Ní Ọjọ́ Bàbá kan, wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra tàmósítáàtì ìgbàlódé, ẹ̀rọ ara ògiri tó ń pàṣẹ ooru ilé, tí owó rẹ̀ ju 150 pọ́n-ùn lọ, irú èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Wọ́n yọ èyí tó ti wà lára ògiri kí wọ́n tó ra ilé kúrò, wọ́n so tuntun. Bàbá dúpẹ́, ó gbàdúrà fún wọn, ó ya fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Kò sí ẹni tó rántí sọ fún un pé ímeèlì àkọ́bí ni wọ́n fi forúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Fóònù tirẹ̀ kò sì lè gba áàpù kankan mọ́, fídíò àdúrà òwúrọ̀ ti kún un.

Báyìí ni àṣẹ ilé ṣe bọ́. Àkọ́bí náà wà ní yunifásítì ní Manchester. Bí òtútù bá mú ìyá rẹ̀ ní Dagenham, ìyá á pè é, ọmọ á tẹ fóònù, rédíétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá á wà nínú pálọ̀ tó ń wo ìròyìn, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún láti àtẹ́lẹsẹ̀. Á dìde, á lọ wo ògiri. Ojú ẹ̀rọ á máa kọ 22. Òun nìkan ló sì wà nísàlẹ̀ ilé! Kí wọ́n tó là á yé e, ó ti gbààwẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n sì ti fi òróró ya ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ó wá mọ̀ pé ọmọ bíbí inú òun ni, ó ní ti àwọn ẹ̀mí ì bá sàn.

Ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tún ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà ń wo ìṣesí wọn kó lè mọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ ooru, ó parí. "Nínú ilé tí mo fowó mi rà, ẹ̀rọ ló ń kọ́ ìwà mi?" Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Hítìn ti wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Tàmósítáàtì afọwọ́yí ló rà, oníke funfun, nọ́ńbà 10 sí 30 yí i ká, owó rẹ̀ kò tó 30 pọ́n-ùn. Ó ní òun fẹ́ èyí tó jẹ́ pé ẹni tó bá máa yí i ní láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí òun lè mú un.

Inú ẹ̀rọ yìí kò ní nǹkan rẹpẹtẹ. Irin pẹlẹbẹ méjì tí irú wọn yàtọ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Bí yàrá bá gbóná, ọ̀kan ń gùn ju èkejì lọ, àwọn méjèèjì á wá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á sì já iná tó ń pàṣẹ fún bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú rédíétọ̀ gbóná. Bí yàrá bá tutù, wọ́n á nà padà, iná á tún so. Ẹ máa gbọ́ "pá" lára ògiri. Kò sí bátìrì, kò sí Wi-Fi, kò sí páàsìwọ́ọ̀dù tí ọmọ lè fi pamọ́ fún bàbá.

Ẹni tó so ó ni Bùrọ́dá Injíníà. Injíníà ni wọ́n ń pè é nítorí òun ló ń tún máíkì ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí ní Britain ló ń gbé iná ilé tó jẹ́ 230 fóltì (ti Amẹ́ríkà, fóltì 24 ló wọ́pọ̀), kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìgbàgbọ́ nìkan fọwọ́ kàn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, nǹkan tín-ín-rín kan tún wà tó ń móoru díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin méjèèjì, kí wọ́n lè tètè já iná kí ooru yàrá tó kọjá àyè. Wáyà níútírà ló ń mú un ṣiṣẹ́. Bùrọ́dá Injíníà rí wáyà náà, ó ní àlékún ni, ó ká a sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bí Bàbá Hítìn bá ti yí i sí 18, ilé á gun 20 kí ó tó dún "pá," á sì tún tutù ju bó ṣe yẹ lọ kí ó tó tan. Bàbá ń fi 18 rẹ̀ yangàn fún àlejò. Àwọn ọmọ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì panu mọ́. Ọ̀kan tilẹ̀ ti fún Bùrọ́dá Injíníà ní ẹ̀bùn Kérésìmesì.

Wàhálà tó kù ni pé afọwọ́yí kò ní aago nínú. Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá di aago. Ó ń jí láago márùn-ún ìdájí lọ yí i sókè, ó ń padà láago méje lọ yí i sílẹ̀, ó tún ń fi àtùpà fóònù yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sùn. Olùkọ́ kan, Warren Johnson, ní Whitewater ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ló gba ìwé àṣẹ lórí tàmósítáàtì oníná ní 1883, nítorí ó sú u bí olùtọ́jú ilé-ìwé ṣe ń já wọ kíláàsì tí òun ń kọ́, wá wo ooru, kó tó sọ̀kalẹ̀ lọ tún iná ṣe lábẹ́ ilé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe kí irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ lè jókòó ni Bàbá Hítìn rà. Kò sì jókòó.

Òfin tirẹ̀ kò sì mú un. Lọ́jọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé tí yìnyín ti rọ̀ sí i lára, 30 ló máa ń yí i sí, ó ní kí ó lè yára. Bọ́ílà kò mọ 30 yàtọ̀ sí 20 o. Tan tàbí kú nìkan ni ẹ̀rọ ara ògiri lè sọ fún un. Yàrá kò yára gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó kàn jẹ́ pé kò ní dáwọ́ dúró. Bàbá á sùn lọ lórí àga, ilé á di Maiduguri, gbogbo ará ilé á bọ́ súwẹ́tà. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń béèrè ta ló fọwọ́ kan hítìn.

Ìyá ilé kì í bá a jà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni hítà oníná tirẹ̀ wà, ọ̀kan tún wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọmọbìnrin. Ní Britain báyìí, iye tí wọ́n ń ta ẹyọ ìwọ̀n iná tó bí ìlọ́po mẹ́rin ti gáàsì. Gbogbo gáàsì tí Bàbá tọ́jú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń fi iná sun ní yàrá. Nítorí pé owó kan náà ni báǹkì ń yọ fún méjèèjì, Bàbá kàn rí i pé bíìlì ń ga. Ó wá yí i wálẹ̀ sí 16.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Houston ń jagun náà, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ amúlétutù ni tirẹ̀. Ó ti ra àpótí ike oníkọ́kọ́rọ́ bo tàmósítáàtì, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọ́físì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí ni Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, tó wọ káadígàànì lórí tẹlifíṣọ̀n lóṣù Kejì ọdún 1977, tó ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ilé sí 65 lọ́sàn-án àti 55 lóru, ní ìwọ̀n Fahrenheit tiwọn. 55 yẹn kò tó 13 ní ìwọ̀n Celsius tiwa. Bàbá Hítìn ní ààrẹ gidi nìyẹn.

Ó jàre níbì kan, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Lóṣù Kínní ọdún 2016, àṣìṣe inú sọ́fíwia mú kí bátìrì tàmósítáàtì ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní Nest kú nílé àwọn èèyàn, wọ́n sì jí sínú òtútù. Ní 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Google dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró fún Nest ìran kìíní àti ìkejì, fóònù kò sì lè pàṣẹ fún wọn mọ́. Àwọn tó rà wọ́n lówó ńlá ní láti máa rìn lọ sídìí ògiri báyìí, kí wọ́n fọwọ́ yí i. Ìròyìn yẹn, Bàbá Hítìn fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú bàbá yìí, pàápàá èyí tí ọmọ ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ má tún ra ẹ̀rọ fún un. Ẹ fi afọwọ́yí rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ mú oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí lọ so wáyà níútírà yẹn, ẹ wò ó bóyá òkè rédíétọ̀ tàbí ẹnu ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni wọ́n kàn án mọ́, nítorí bó bá rí bẹ́ẹ̀, yóò máa ṣi ooru kà. Kí ó má sì lọ sísàlẹ̀ 18, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sílẹ̀ ní 2018 fún ilé ní ìgbà òtútù. Bó bá bi yín pé ta ló rán yín, ẹ má dárúkọ mi.