Ẹlẹ́rù Afẹ́fẹ́

Àwọn àgbà ní ibi tó bá wúwo ni ẹlẹ́rù ń gbé. Ẹrù tí ojú rí ni wọ́n ń bá wí nígbà náà: àpò ẹ̀wà, agbọ̀n orógbó, ìdì aṣọ. Alájàpá mọ ibi tí ọjà òun tẹ̀wọ̀n sí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, kí àwọn tó wá bá a gbé e tó di ibi tó fúyẹ́ mú. Ẹlẹ́rù ayé ìsinsìnyí, ìyẹn ọlọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣì ń gbé ibi tó wúwo. Kìkì pé ibi tó wúwo nínú ẹrù tirẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ́tò-gèlè, gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, tó ku ká kàn gbé e dé orí. Kò tó ìdajì kílò. Ọ̀gá tó ń tà á l'Ékòó gbé e sínú páálí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 35, tó fẹ̀ ní 35, tó sì ga ní 20. Ó fi bébà dídán yí i ká, ó fi ọ̀rá tó ń ta pọ́pọ́ lé e, ó de ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi bàálù kó ẹrù lọ Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọkùnrin tó wà nídìí òṣùwọ̀n gbé e lé e, ó tún fa téèpù yọ.

“Ànti, kílò márùn-ún ni.”

“Kílò márùn-ún kẹ̀? Gèlè nìkan ló wà níbẹ̀ o!”

“Gèlè kọ́ ni mo wọ̀n, Ànti. Páálí ni.”

Ọmọ náà ò purọ́. Òṣùwọ̀n méjì ni àwọn bíi DHL ń lò fún ẹrù òkè-òkun: bó ṣe wúwo tó, àti àyè tó gbà. Wọn á fi gígùn lọ́nà fífẹ̀ lọ́nà gíga, wọn á fi 5,000 pín in, èyí tó bá pọ̀ jù nínú ìwúwo méjèèjì ni wọn á gbowó lé lórí. Ti Ànti jẹ́ 24,500; nígbà tí wọ́n pín in, ó di 4.9, wọn ò sì ní í fi ìdá kílò ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ẹ̀bi wọn kọ́, inú bàálù sábà máa ń kún kó tó wúwo. Ní Amẹ́ríkà, páálí tí kò tóbi púpọ̀ tó ń gba ojú títì lọ bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ọdún 2014 ti ń parí bọ́ sí 2015, FedEx àti UPS ti fi kó gbogbo wọn.

Ká ní Ànti dín sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré kù ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga, ìṣirò náà ì bá já sí 2.7. Ohun tí kò tó ìka ọwọ́ kan ì bá ti gbé kílò méjì lọ. (Mo gbà pé a kì í tẹ ọ́tò-gèlè pa. Bó bá ti pẹlẹbẹ, ó di ìborùn.) Ṣùgbọ́n páálí kékeré ò yẹ ọ̀gá. Níbo ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí ní àwọ̀ góòlù? Báwo ni oníbàárà yóò ṣe ya fídíò ara rẹ̀, tí yóò máa ṣí bébà kan tẹ̀lé òmíràn bí ẹni ń bó àlùbọ́sà? Ẹlẹ́rù àtijọ́ gbé ibi tó wúwo lóòótọ́, àmọ́ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ dá ìwúwo sílẹ̀ kó tún de ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn.

Fìlà abetí-ajá ò tilẹ̀ ní àwíjàre. Àwọn baba wa ń ká a sápò agbádá. Ní Ìlú Ọba, Royal Mail ní ojúwọ̀n fún àpòòwé ńlá: kó má gùn ju sẹ̀ǹtímítà 35.3, kó má fẹ̀ ju 25, kó má nípọn ju 2.5, kó má sì wúwo ju gíráàmù 750. Fìlà tí a tẹ́ pẹlẹbẹ á wọ ibẹ̀ wẹ́rẹ́, owó rẹ̀ á sì kéré sí ti páálí. Ọmọ wa tó ń tà á ní Peckham ní kò bójú mu. Fìlà gbọ́dọ̀ jókòó gbẹdẹmukẹ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ làwọn ń fi ọjà ránṣẹ́. Ọ̀fẹ́ wo? Owó afẹ́fẹ́ ti wọ inú owó gèlè. Oníbàárà ń san án, ó tún ń dúpẹ́. Bí gèlè ò bá sì bá orí rẹ̀ mu, páálí yẹn náà ni yóò gbé e padà wá, wọn á sì tún wọ̀n ọ́n.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni páálí ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ṣáínà ni Ànti ti ní kí wọ́n bá òun ṣe é. Àwọn tó ṣe é tẹ gbogbo rẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n tò ó léra, wọ́n fi okùn dì í gírígírí. Kò sí afẹ́fẹ́ Ṣáínà tó rí àyè bá wọn dé èbúté Apapa. Èkó ni Ànti jókòó sí tó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń rọ tiwa sí i.